Àwọn Tí Mo Ń Padà Lọ Bi Léèrè Lọ́dọọdún

Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Bí àwọn ọmọ mi bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe níbẹ̀, mo máa ń sọ pé mò ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn ni. Wọ́n á ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Iṣẹ́ ni.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo dé Ṣàgámù, tí mo wá bá ìbátan ìyá mi kan gbé ní Ijoku. N kò tilẹ̀ kà á sí ìdálẹ̀. Yorùbá ni ìyá mi fi ń bá mi wí, Yorùbá ni mo fi ń lá àlá. Mo rò pé ẹnubodè lásán ni mo kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ obìnrin kan níwájú ilé. Nílé wa, pẹ́ẹ̀n là ń pè é. Mo kí i, mo ní kó ta pẹ́ẹ̀n kan fún mi.

"Pẹ́ẹ̀nì?" ó ní. "Mi ò ta pẹ́ẹ̀nì o. Iwájú ilé ẹ̀kọ́ ni kó o lọ. Ṣé o fẹ́ kọ lẹ́tà ni?"

Mo na ìka sí búrẹ́dì. Ó wò mí, ó wo búrẹ́dì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì pe aládùúgbò rẹ̀ kó wá gbọ́. Aládùúgbò ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Àgànyìn ni," ni aládùúgbò wí, bí ẹni tó ti yanjú ọ̀ràn.

Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi nìyẹn ní òpópónà wa. Èmi ọmọ Kétu! Mo wọlé, mo sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà mo jẹ búrẹ́dì mi nítorí ebi ń pa mí.

Iṣẹ́ obì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Obì gbánja pọ̀ ní Ṣàgámù nígbà náà, àwọn Hausa tó wà ní Sábó sì ń kó o lọ sókè Ọya lójoojúmọ́. Àwa obìnrin bí mẹ́wàá la máa ń jókòó sí àgbàlá Ìyá Olóbì, a ó bó èèpo tó ti rà lára obì, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀. Ìka mi pọ́n bí ẹni tó lé làálì. Àwọn yòókù ń fi Rẹ́mọ pa àwàdà, ó sì yára ju etí mi lọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, wọ́n á sì tún torí ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ènìyàn rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ó ní ọjọ́ kan tí mo pè é sókè fúnra mi nínú ilé ìwẹ̀, kí n lè gbọ́ ọ.

Ní ọdún kejì ni Mìsíìsì Ṣódípẹ̀ wọ àgbàlá wa pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá. Ọmọ Ìpẹ̀rú ni, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin gíga tí ń wọ bàtà aláwọ̀ dúdú àti ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn dókítà láti yunifásítì kan ló fi í ṣe olórí àwọn tí ń béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ti yan ilé káàkiri Ijoku, Ibido, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ògèrè, bí ẹni ń ṣẹ́ gègé, wọ́n á sì máa padà sí àwọn ilé kan náà lọ́dọọdún, lọ bi àwọn ènìyàn kan náà ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn kí àìsàn ọpọlọ tó dé: ta ló pàdánù ọmọ, ta ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni kò rí oorun sùn, ta ló ń mu ọtí, irú ìyà wo ló jẹ ẹ́ ní kékeré, ta ni àìsàn bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ẹbí rẹ̀.

Ìyá Olóbì bi í pé kí ló dé tí wọn kò kàn lọ bi àwọn wèrè tó wà ní títì.

"Bí igi bá wó, tí o wá dé, igi nílẹ̀ nìkan lo máa rí," ni Mìsíìsì Ṣódípẹ̀ wí. "Àwa fẹ́ máa wo gbogbo igi láti ìgbà tó ti wà lóòró."

Ìyá tó bí Ìyá Olóbì ni orúkọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Arúgbó ni. Mìsíìsì Ṣódípẹ̀ ṣí ìwé, ó kà á sókè: "Màmá, ǹjẹ́ ẹ ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn?"

"Rárá o," ni màmá dáhùn. "Mi ò ní i. Ṣé wọ́n ń tà á ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń jókòó ti màmá náà, mo sì ti gbọ́ ohun tó ń sọ jálẹ̀ òjò tó kọjá. Mi ò mọ ìgbà tí mo lanu.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bi wọ́n bóyá nǹkan ń rìn wọ́n nínú orí."

"Hẹ̀n-ẹ́n!" ni màmá ké. "Bí èèrà ni! Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Àyà mi á sì máa já. Oúnjẹ kò wù mí."

Ó sọ̀rọ̀ títí obì tó wà níwájú mi fi tán. Nígbà tó parí, Mìsíìsì Ṣódípẹ̀ pa ìwé dé, ó yíjú sí mi.

"Ta ni ìwọ?"

"Àgànyìn ni," ni wọ́n pa ohùn pọ̀ bá mi dáhùn.

"Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo bi."

Mo sọ orúkọ mi. Ó bi mí bóyá mo lè kọ Yorùbá. Mo ní àwọn Fádà kọ́ wa ní ìjọ. Ó ní kí n kọ ohun tí màmá náà sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tí fọ́ọ̀mù tuntun jáde, ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní dúdú lórí funfun: Ǹjẹ́ nǹkan ń rìn yín nínú orí? Mo ka ìlà kan yẹn bí ẹni ń ka orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo fi àgbàlá obì sílẹ̀.

Kí wọ́n tó jẹ́ kí a lọ sílé onílé, wọ́n ní ká máa fi ara wa kọ́ ọ. Bísí, ọmọ àlùfáà kan ní Ìkẹ́nnẹ́, ni wọ́n fi ṣe ìkejì mi. Ó bi mí ní gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó sì kan èyí tó wà ní ojú ìwé kẹrin.

"Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ti ṣe àìsàn ọpọlọ rí?"

"Rárá," ni mo wí.

Ó fa ìlà sí i, ó sì ṣí ojú ìwé tó kàn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi ìkẹyìn, tí ó sì sínwín. Àbísínwín ni àwọn àgbà ń pè é. Wọ́n mú un lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọ́n kò sì jẹ́ kí a rí i fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó padà, ó ti sanra, ó ń dáná, ó ń lọ sí oko. Kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò sì sí ẹni tó mẹ́nu kàn án mọ́, títí di ìgbà tí ọkùnrin kan ní Kétu fẹ́ fẹ́ mi. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ọtí wá. Obìnrin kan láti inú agbo ilé wa gan-an ló lọ sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún wọn. A fọ àgbàlá, a tẹ́ ẹní, a jókòó dè wọ́n. Wọn kò wá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo dé Ṣàgámù.

Nítorí náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé onílé, tí mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù, pé kò sí ẹni tó máa gbọ́, mo mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí. Mo tún mọ ojú ìwé kẹrin dáadáa. Níbẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń wolẹ̀. Onígbàgbọ́ ni o, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni o, tíṣà ni o, àgbẹ̀ ni o. "Kò sí i nílé wa," wọ́n á ti wí kí n tó parí ìbéèrè. Ojú ọmọ wọn tí kò tíì lọ́kọ tàbí láya ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Èkó láti pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lórí fóònù ní Kútọnu, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Mo máa ń tò sórí ìlà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láti òwúrọ̀. Nígbà tó bá kàn mí, igbe la máa ń ké.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni mo wà! Ìyá ńkọ́?"

"Ó ní kí n kí ọ! Ó ní ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun! Sọ fún un pé mò ń fi gègé ìkọ̀wé ṣiṣẹ́ báyìí!"

"Iṣẹ́ kí ni?"

Mo wo ìlà àwọn tó wà lẹ́yìn mi. Báwo ni mo ṣe máa ké e sórí fóònù ní etí gbogbo ènìyàn, kó lọ sọ ọ́ fún ìyá wa, pé mò ń lọ káàkiri láti wá irú ohun tó ṣe é? "Iṣẹ́ ìwé ni!" mo ní. Àkókò tán, okùn já.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí ènìyàn kì í jókòó síbi tí a bá a lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti la ọ̀nà ńlá tuntun kọjá Ògèrè, ó sì ń fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra. Ọkùnrin kan wà tí a kọ orúkọ rẹ̀ ní Ijoku; nígbà tí a padà, ó ti ṣí lọ, aya rẹ̀ kò mọ ibi tó wà tàbí kò fẹ́ sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Ìdí ọkọ̀ àjàgbé ni mo ti bá a ní Ògèrè, ó ń lẹ táyà. Ó mọ̀ mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fún mi ní àpótí kí n jókòó.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ wá mi dé ibí," ó wí. "Ẹ máa bi mí."

Mo jókòó. Mo ṣí ìwé, mo bi í.

Ilé kan ní Ibido ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kápẹ́ńtà ni bàbá ilé. Ìyàwó rẹ̀ ni à ń pè ní Ìyá Dàpọ̀. Ọmọ méjì ló wà: Dàpọ̀, tó ń kàwé ní Ìbàdàn, àti Mórẹ̀nikẹ́, tíṣà. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní ọdún kejì, Ìyá Dàpọ̀ nìkan ló jókòó pẹ̀lú mi ní pálọ̀. Ó ti rù.

"Dàpọ̀ ńkọ́, mà?"

"Ó wà ní Ìbàdàn."

Láti yàrá ẹ̀yìn, ohùn ọkùnrin kan dáhùn kedere: "Mo wà níbí o!"

Ìyá Dàpọ̀ kò yí ojú padà. "Àwọn ọmọ àdúgbò ni," ó wí. "Ẹ máa bá ìbéèrè yín lọ."

Mo kọ Ìbàdàn sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Mìsíìsì Ṣódípẹ̀, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o kọ," ó ní. "Bí a bá ń já ilẹ̀kùn onílé, kò sí ẹni tó máa ṣí i fún wa lọ́dún tó ń bọ̀." Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀ odindi ọdún kan ni mo fi ń gbọ́ ohùn yẹn.

Kí ọdún kẹta tó pé, obìnrin kan wá mi wá sí Ijoku láti Ìkẹ́nnẹ́, aláṣọ dáadáa, àdìrẹ méjì tí wọ́n ká dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà Mórẹ̀nikẹ́ ni. Ó kí mi bí ọmọ, ó gbé aṣọ ka orí itan mi.

"Wọ́n ní ìwọ lò ń lọ ilé wọn pẹ̀lú ìwé. Ọmọ tiwa ló fẹ́ fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Ṣé kò sí nǹkan kan nínú ẹbí wọn?"

Mo wo àdìrẹ náà. Mo rí obìnrin agbo ilé wa ní Kétu, bó ṣe ṣeé ṣe kó jókòó báyìí ní ilé ẹlòmíràn.

"Ẹ lọ bi wọ́n fúnra yín, mà," ni mo wí, mo sì gbé aṣọ padà fún un.

Ó dìde. "Àgànyìn lásán-làsàn," ó wí, "ló ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ Rẹ́mọ pamọ́ fún ọmọ Rẹ́mọ."

Ní ọjọ́ kejì mo gba Ibido lọ. Kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, mi ò sì mú ìwé lọ́wọ́. Mo sọ fún Ìyá Dàpọ̀ pé ẹbí àfẹ́sọ́nà Mórẹ̀nikẹ́ ti ń wádìí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà náà ni mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ní Nàìjíríà.

"Àìsàn yẹn ṣe ìyá tèmi náà, mà."

Ó gbójú sókè. "Ìyá tó bí ọ? Ó gbádùn?"

"Ó ń lọ sí oko rẹ̀. Ó ń ta gààrí."

"Kò padà wá mọ́?"

"Tìyá mi kò padà. Ti ẹlòmíràn a máa padà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n oògùn wà fún un báyìí, mà. A ò lè fi ilẹ̀kùn wò ó sàn."

Ó dìde. Ó mú kọ́kọ́rọ́ láti ìdí ìró rẹ̀. Dàpọ̀ jáde wá, ó gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, ó ń fọwọ́ bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀.

"Mo sọ fún yín nígbà yẹn," ó wí fún mi. "Mo ní mo wà níbí."

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò padà sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí bá bàbá rẹ̀ fá pákó. Bàbá náà kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ kiri, ó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ fúnra rẹ̀, ó sọ fún àwọn àna. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Wọn kò wá mọ́.

Mórẹ̀nikẹ́ wá bá mi ní ọ́fíìsì, pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lára aṣọ rẹ̀.

"Ta ló rán ọ?" ó bi mí. "Ìwé ni wọ́n ní kó o máa kọ."

"Mo mọ bó ṣe ń rí," ni mo wí. "Ó ṣe èmi náà."

"Ó ṣe ìwọ, o sì mọ̀ ọ́n, o tún wá ṣe é fún mi."

Dàpọ̀ jáde nínú yàrá, ọkọ Mórẹ̀nikẹ́ lọ, ọwọ́ mi sì wà nínú méjèèjì. Mo ti gbìyànjú láti fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́, kò ṣeé ṣe. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, nígbàkigbà tí mo bá wọ ilé wọn, Mórẹ̀nikẹ́ máa ń dáhùn ìbéèrè mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ní kúkúrú, kò sì kí mi.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Rédíò ló sọ ọ́. Àwọn ará òpópónà wa jókòó, wọ́n ń jíròrò rẹ̀.

"Kétu kì í ṣe àjèjì," ni obìnrin oníbúrẹ́dì wí. Òun ti ń pè mí ní Ọma Kétu, bí àwọn Rẹ́mọ ṣe ń pe ọmọ, láti ìgbà tí mo ti bi ìyá rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. "Yorùbá kọ́ ni?"

"Ọlọ́pàá kò ní bi í ní oríkì," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ìwé ni wọ́n máa bi í."

Ìyá Dàpọ̀ ránṣẹ́ pé kí n wá sí Ibido, kí n sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni mí. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n nílé yẹn kan náà ni Mórẹ̀nikẹ́ ń gbé, mi ò sì lè ní kó fi irọ́ bò mí lẹ́yìn tí mo ti tú àṣírí tiwọn. Mìsíìsì Ṣódípẹ̀ ní agbára òun kò ká a. Ó fún mi ní lẹ́tà tó sọ pé òṣìṣẹ́ tòótọ́ ni mí, ó fọwọ́ sí i, ó sì pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ń dágbére.

Dàpọ̀ ló wá bá mi gbé àpótí lọ sí ibùdókọ̀. Ó ti sanra. Ó so àpótí mọ́ orí ọkọ̀, ó sì tún okùn rẹ̀ fà wò.

"Mórẹ̀nikẹ́ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ó wà nílé."

Kò fi ohunkóhun rán an sí mi.

Ní Kétu, ìyá mi wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Nàìjíríà. Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń bó ẹ̀gúsí, èmi náà jókòó tì í. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́hùn-ún nìyí." Mi ò ní ìwé lọ́wọ́, mi ò nílò rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń rí oorun sùn. Mo bi í nípa orí rẹ̀. Nígbà tí mo dé ojú ìwé kẹrin, mo fẹ́ fò ó, mi ò sì fò ó.

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní láti inú ògiri ni òun ti ń gbọ́ ẹkún ọmọ, pé òun wá a títí. Ó ní wọ́n kó wa kúrò lọ́dọ̀ òun, òun sì rò pé a ti kú, tí wọn kò fẹ́ sọ fún òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣe ìròyìn oko.

"Ó ti tó ogún ọdún," ó ní. "Wọ́n kàn máa ń wò mí ni. Kò sí ẹni tó bi mí rí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo fẹ́ dìde. Ó ti abọ́ ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìwọ ńkọ́?" ó wí. "Gbogbo ọdún tó o fi wà lọ́hùn-ún, ta ló ń bi ìwọ?"

Mo lanu láti sọ pé dáadáa ni mo wà, bí mo ti ń ké e lórí fóònù. Ó ń wò mí, kò kánjú. Mo tún jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí dá a lóhùn.